Ooru Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Lé Sí Yàrá Màmá

Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi jù mí lọ. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn. Bí a bá wà lójúkojú, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, "ẹ" ni mo sì ń lò fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kọ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, "ó" ni mo máa lò. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀ nínú.

Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe ní Àbújá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé tó ń kọ́ sí ọ̀nà Ìjan kò tíì ní òrùlé nígbà náà, ló bá kó wá sí ilé Bàbá wa ní Odò-Adó, níbi tí èmi àti Màmá ń gbé. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun máa lò. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a wá. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ ni ìyàwó òun ń tọ́jú, àmọ́ èmi mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, mi ò sì bá a wí.

Inú oṣù kejì ọdún ló dé, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò ò sì tíì ronú àtibọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi kó ẹrù rẹ̀ wá: àpótí méjì, àga aláwọ kan tó lè yí po, àti páálí gíga kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Nígbà tó tú páálí náà, ẹ̀rọ funfun kan ló jáde, ó ga dé ìbàdí ènìyàn, táyà kéékèèké mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lẹ rà yìí, Bùọ̀dá mi?"

Ó ní, "Éésíì ni, ẹ̀rọ amúlétutù alágbèéká. Wọn kì í kan èyí mọ́ ògiri, ibi tó bá wù ọ́ lo lè tì í lọ. Mi ò lè gbé inú ooru ní ọjọ́ ogbó mi. Láti ogún ọdún, kò sí ọ́fíìsì tí mo jókòó sí ní Àbújá tí kò tutù."

Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé inú fíríìjì ni wọ́n bí i sí. Ilé yìí kan náà ni wọ́n bí i sí. Orí ẹní ló sùn, lábẹ́ páànù yìí kan náà, títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ọjọ́ kan tó yan bí ẹ̀pà.

Ó ní kí n pe oníṣẹ́ iná tó máa ń bá wa tún wáyà ṣe. Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni ọkùnrin náà, mùsùlùmí tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó fa páìpù kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, páìpù rọ́bà fífẹ̀ tó ká jọ bí ìfun màlúù. Ó wò ó, ó wo pálọ̀ wa, ó ní, "Ọ̀gá, ẹnu páìpù yìí gbọ́dọ̀ kọjú síta láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ yìí ò pa ooru o. Ṣe ló máa ń kó o níbì kan lọ dà síbòmíràn. Bí kò bá rí ìta dà á sí, inú ilé yín náà ló máa dà á sí."

Fèrèsé méjì péré ni pálọ̀ wa ní, títì ni méjèèjì sì kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Kí àwọn ènìyàn máa kọjá lọ, kí wọ́n máa wo ìfun tó yọ síta lára ilé mi? Rárá. Wá ibòmíràn gbé e gbà."

Ilé rẹ̀. Bàbá ló kọ́ ọ, Màmá ló pọn omi tí wọ́n fi po símẹ́ńtì rẹ̀, èmi ni mo pààrọ̀ páànù rẹ̀ nígbà tí ìjì ká a. Ohun tó mọ̀ nípa ilé náà kò ju ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí lọ.

Oníṣẹ́ iná ní òun ò mọ ibòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pe káfíńtà kan, ó ní kó gé ihò roboto sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó wà láàárín pálọ̀ àti kọ́rídọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá wa náà ṣe, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn, igi ìrókò ni. Mo rántí bó ṣe ń fi ọwọ́ ra á lójú lọ́jọ́ tó gbé e dúró, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ra ẹṣin lára. Mo dúró tì wọ́n bí ayùn ṣe wọ igi náà.

Mo ní, "Bùọ̀dá mi, Bàbá ló kan ilẹ̀kùn yìí."

Ó ní, "Bàbá ti kú."

Bí wọ́n ṣe ti ẹnu páìpù náà gba inú ihò sí kọ́rídọ̀ nìyẹn. Oníṣẹ́ iná wá fi iná sí i. Kó tó lọ, ó jáde sí kọ́rídọ̀, ó tọ́ka sí aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu yàrá àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bí méjì péré sí ibi tí páìpù náà ya ẹnu sí.

Ó ní, "Ta ló ń sùn níbí?"

Mo ní, "Màmá wa ni."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Mi ò bá ọ̀gá kankan sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pẹ́, àti pé bí mo bá sọ ọ́, á ní mo ń jowú. Ọ̀rọ̀ tèmi náà kò dára nínú ìtàn yìí, kí n tètè sọ ọ́.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Ìjan ni wọ́n, wọ́n ti gbé Adó fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ "ulé" ni wọ́n ń pe ilé títí dòní. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Nínú yàrá wọn, tábìlì kékeré kan wà tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé lórí, Bíbélì wọn wà lórí rẹ̀, abọ́ omi kan, àti àbẹ́là méje. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, ògiri tí aládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ga bò ó. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gba kọ́rídọ̀ wá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní kí a máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án nítorí eruku. A ń tì í.

Mi ò ní purọ́, pálọ̀ náà tutù. Ẹni tó mọ Adó mọ̀ pé àpáta ló yí wa ká, àpáta a sì máa fi oòrùn pamọ́ bí ahun ṣe ń fi ẹran pamọ́. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, bí ènìyàn bá ti ìta wọlé, ṣe ló dà bíi pé ó ti inú ààrò bọ́ sínú ààrò mìíràn. Ṣùgbọ́n tí o bá ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ wa lásìkò yẹn, òtútù á pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn.

Ọkùnrin mẹ́rin ló sọ pálọ̀ wa di ilé. Ọ̀kan ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ọ̀kan ti ṣe káńsẹ́lọ̀ fún ìgbà kan ṣoṣo tí wọn ò sì dìbò fún un mọ́, ọ̀kan ń tọ́jú àpò ìjọ, ẹ̀kẹrin kò ṣe iṣẹ́ kankan rí tí ẹnikẹ́ni lè dárúkọ. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, wọ́n á dé. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á na ẹsẹ̀, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ni wọ́n á máa pariwo mọ́ pé, "Ti ilẹ̀kùn, má jẹ́ kó jáde." Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba. Tí wọ́n bá bú ìjọba tán, wọ́n á ka iye oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kálukú wọn ń lò. Káńsẹ́lọ̀ a máa sọ ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá pé, "Ọ̀gá, ẹ ti sọ Odò-Adó di ìlú òyìnbó." Ẹ̀gbọ́n mi a máa yí àga aláwọ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé òun ló dá ọyẹ́.

Ẹ̀rọ náà a tún máa kó omi jọ sínú. Bí omi náà bá kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ adìyẹ tó sọnù, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà márùn-ún yẹn tó máa dìde. Ẹ̀gbọ́n mi á ké pè mí. Èmi, tíṣà, ẹni tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, á gbé báàfù wá, màá kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, màá tú ìdérí rọ́bà rẹ̀, omi á máa ṣàn láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ẹnu wọn kò dúró. Ẹni tó ń tọ́jú àpò ìjọ a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí n lè ráyè. Ìrànwọ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá da omi nù tán, mo máa ń padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, màá gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé mi lé orí itan, màá máa máàkì. Òógùn mi á gbẹ. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra wọn, mo sì ń jẹ nínú òtútù wọn.

Màmá kò bá wa jókòó níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n yọjú, wọ́n ní òtútù náà ń wọ àwọn léegun, wọ́n padà. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọn kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí abẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa tòògbé níbẹ̀. Oúnjẹ wọn náà dín kù.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án mọ́?"

Wọ́n ní, "Ooru ọdún yìí yàtọ̀, ọmọ mi. Ulé yìí ń gbóná bí ẹni pé wọ́n ń dáná sábẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Gbogbo ìlú ni, Màmá." Gbogbo ìlú náà ni lóòótọ́. Níléèwé, àwọn ọmọ ń sùn lórí tábìlì. Bí irọ́ ṣe máa ń rọrùn láti gbà nìyẹn, tí òótọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Mo gun ọ̀kadà délé láti iléèwé, aago mẹ́ta ku díẹ̀. Ẹ̀rọ ń hùn, àwọn ọkùnrin náà wà níkàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí káńsẹ́lọ̀ sọ. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn kọ́rídọ̀. Ooru tó gbá mi lójú dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ẹsẹ̀ Màmá ni mo kọ́kọ́ rí, ó yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé, àtẹ́lẹsẹ̀ kan dojú sókè.

Wọ́n wọ aṣọ àdúrà funfun wọn, wọ́n sùn gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ara wọn gbóná bí ògiri tó ti ń jẹ oòrùn láti àárọ̀, kò sì sí òógùn kankan lára wọn, gbígbẹ ni. Ojú wọn là díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò wò mí. Mo pè wọ́n, mo tún pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo lọgun.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn, ó yọ orí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màmá ti ṣubú. Ẹ wá bá mi gbé wọn."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n wọ bàtà."

Ó lọ wọ bàtà. Ọmọ bíbí inú wọn, ó lọ wọ bàtà. Àwọn mẹ́rin yòókù dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ọ̀kan nínú wọn sì ní kí wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn nítorí ooru ń wọlé. Mi ò mọ èwo ni nínú wọn. Títí di òní ni inú mi ń dùn pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Aládùúgbò wa, oníṣòwò símẹ́ńtì, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ń jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo sáré síta. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó wọlé pẹ̀lú jàlàbíyà funfun tó fi lọ kírun, ó gbé Màmá sí apá bí ẹni gbé ọmọ, ó tẹ́ wọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo gbé orí wọn lé itan. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti dé fìlà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n fi aṣọ tútù nù wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí Màmá tó mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n jẹun gbẹ̀yìn.

Wọ́n ní, "Ààwẹ̀ ni mo wà. Ọjọ́ kẹta nìyí."

Mo ní, "Ààwẹ̀ kí ni, Màmá? Ẹ ò sọ fún mi."

Wọ́n ní, "Àwọn àbẹ́là mi tẹrí ba. Mi ò tan ọ̀kan nínú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọlé, mo bá méjèèje tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n dojú kọ ilẹ̀. Àbẹ́là tí wọn ò tàn kì í tẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń bínú sí ẹnìkan ní ulé wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi. Mo ní n kò ní fi oúnjẹ tàbí omi kan ẹnu títí tí yóò fi dárí jì mí."

Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Ó ní, "Màmá, yàrá yín ha ní afẹ́fẹ́?" Màmá ti tún pa ojú dé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn náà. Ó fi èdè òyìnbó bá dókítà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sọ ipò tó wà ní Àbújá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì sọ fún dókítà pé àgbà ló ń ṣe ìyá òun. Dókítà ní ooru ni àti òùngbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ni."

Mo padà sílé láti mú aṣọ Màmá. Kò sí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Àwọn àlejò ti lọ, ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń mú àwọn àga tutù. Mo wọ yàrá Màmá, mo wo tábìlì. Àbẹ́là méjèèje ti tẹ̀ láti àárín, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ funfun náà. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹnu páìpù. Mi ò lè fi í síbẹ̀ pẹ́.

Mo jókòó sórí ibùsùn Màmá. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Kò pẹ́ tí aṣọ mi fi lẹ̀ mọ́ mi lára, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Láti ẹ̀yìn ògiri yẹn ni mo ti ń máàkì ìwé láti ìgbà yìí, tí ara ń tù mí. Gbogbo òógùn tí kò jáde lára mi, ara Màmá ló ti ń jáde, títí kò fi kù síbẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní pálọ̀.

Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ooru ẹ̀rọ yín ló fẹ́ pa Màmá."

Ó ní, "Ẹ̀rọ wo? Ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀rọ lo máa dá lẹ́bi?"

"Àbẹ́là tó tẹ̀ ló mú kí wọ́n gba ààwẹ̀. Ooru yín ló tẹ̀ ẹ́."

"Àbẹ́là ayédèrú ni wọ́n ń tà nígboro báyìí."

"Ẹ dìde, ẹ wá na ọwọ́ sí ẹnu páìpù yẹn."

Kò dìde. Ó yí àga rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ́. Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ?"

Mo yọ wáyà ẹ̀rọ náà lára ògiri, mo lọ sí yàrá mi. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo tún gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ó dìde nìyẹn. Ọkùnrin tí kò bá mi gbé ìyá wa nígbà tí wọ́n ṣubú, ó dìde láti lọ ki wáyà bọ ògiri.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ní kí Màmá máa bọ̀ nílé. Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo tú ìdìkù aṣọ kan, mo yọ ọ̀kan nínú àwọn àbẹ́là náà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan èmi tí mò ń jókòó nínú òtútù. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Màmá gba àbẹ́là náà, wọ́n yí i po lọ́wọ́ wọn, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọlọ́run kò bínú nígbà náà?"

"Kò bínú, Màmá."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ta wá ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta tọrọ àforíjì rẹ̀?"

Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Wọ́n mu ife kan tán, wọ́n ní kí n tún bu òmíràn.

Bí a ṣe délé, wọn ò wọ yàrá wọn. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n di àga mú, wọ́n ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé ibùsùn wọn wá síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, àwọn àlejò mi ń kọ́?"

Wọ́n ní, "Èmi náà fẹ́ ṣe àlejò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ulé yìí, n kò ṣe é rí."

A gbé ibùsùn náà, òun ní orí, èmi ní ẹsẹ̀. Ó wúwo, ó sì ń mí helehele. Mi ò káàánú rẹ̀. Nígbà tí a tẹ́ ẹ tán, Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n fa aṣọ bora, wọ́n ní, "Pa nǹkan yẹn, òtútù ń mú mi."

Ó wò mí bí ẹni pé kí n gbà á sílẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé. Ó pa á.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rin náà dé bí ìṣe wọn. Wọ́n bá arúgbó lórí ibùsùn nínú pálọ̀, fèrèsé méjèèjì ṣí sílẹ̀, ariwo ọ̀kadà àti eruku títì ń wọlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wọn kú ewu. Wọ́n jókòó. Ọ̀gá iléèwé mú ìwé ìròyìn, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí bú ìjọba. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa ìyá wọn: ṣé ó wà láyé, níbo ló ń sùn, ta ló ń fún un lóúnjẹ. Ẹni tí kò níṣẹ́ ní ìyá òun wà ní abúlé. Màmá ní, "Ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn?" Ó ní ó máa tó ọdún kan. Màmá ní, "O ń bọ̀ ní ulé wa lójoojúmọ́." Ọkùnrin náà fọwọ́ nu ojú.

Àwọn méjì ló padà wá lọ́jọ́ kẹta. Káńsẹ́lọ̀ jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ẹnìkan ń dúró de òun. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Ọ̀rẹ́ tí òtútù kó jọ, ooru ọjọ́ mẹ́ta ti tú u ká.

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú. Ó ní, "Màmá, ẹ lè padà sí yàrá yín, a ó máa tàn án díẹ̀díẹ̀." Wọ́n ní ibi tí àwọn wà tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ó ní òun máa ra fáànù fún wọn. Wọ́n ní kó ṣeun. Kò sọ ọ̀rọ̀ "ẹ jọ̀ọ́" tàbí "ẹ má bínú" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ń tẹ́tí sí i gidigidi. Ní ìparí oṣù kẹta, ó ní kí wọ́n sáré fi páànù bo yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìjan, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ti ẹ̀rọ náà jáde lórí táyà rẹ̀ kéékèèké. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo lé mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ó dàbọ̀, Bùọ̀dá mi."

Màmá padà sí yàrá wọn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ara wọn yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n díẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo sì máa ń bá wọn mú ṣíbí.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Màmá máa ń ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìjan, abọ́ á wà lórí itan mi. Iná tó wà lápá ibẹ̀ kò lágbára tó láti gbé ẹ̀rọ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó rà náà, bó bá ti fi ẹ̀rọ sí i, á kú. Ìta ni mo máa ń bá a, lábẹ́ òjìji ògiri, lórí àga aláwọ tó ń yí po, òun nìkan, ó bọ́ ẹ̀wù.

Á bi mí pé, "Màmá ń kọ́?"

Màá ní, "Wọ́n wà."

Á ṣí abọ́, á jẹun, màá dúró kó tán kí n lè gbé abọ́ padà. Mo ti gbìyànjú láti wá àánú fún un nínú ọkàn mi. Wòlíì ìjọ Màmá sọ fún mi pé ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Mo máa ń wo ọrùn rẹ̀ tí òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, màá ní bóyá lónìí. Títí di Sátidé tó kọjá yìí, mi ò tíì rí i.

Bí mo bá délé, Màmá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n á ní, "Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun, Màmá."

"Ṣé ó jẹ ẹ́ tán?"

Màá ṣí abọ́ náà, màá fi hàn wọ́n. Wọ́n á fi ìka yí inú rẹ̀ po, wọ́n á mi orí, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo máa sè fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.